Oògùn Tí A Ń Fín sí Imú

Ọ̀rọ̀ imú ni mo bá wá lónìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tí imú rẹ̀ dí lóru, tó ń fi ẹnu mí títí ilẹ̀ fi mọ́, kì í fi í ṣe àwàdà.

Bí ọyẹ́ bá ti dé ní oṣù Kọkànlá, ekuru a bo gbogbo Ìlọrà, láti ọ̀nà Fídítì títí dé ọ̀nà Ọ̀yọ́. Àwọn kan nínú wa a bẹ̀rẹ̀ sí í sín, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Imú a máa yún wọn, omi a máa dà níbẹ̀, ojú a pọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ara wọn kò gbóná. Èyí kì í ṣe ọ̀fìnkìn tí a ń kó ran ara wa. Ara wọn ni kò gba ekuru. Àwọn oníṣègùn ń pè é ní àlẹ́jì imú. Ti ẹlòmíràn kò tilẹ̀ mọ ọyẹ́ tàbí òjò, nítorí pé kòkòrò tíntìntín inú bẹ́ẹ̀dì àti ìrọ̀rí ló ń bá a jà.

Ìyá kan wà tó ń lọ èlùbọ́ tà. Ó ra oògùn akánsímú kan lọ́jà, ó sì fẹ́ràn rẹ̀, nítorí pé kí ó tó ka ení, èjì, imú ti ṣí. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, bí kò bá kán an fún wákàtí díẹ̀, imú a dí pa. Ìgò náà kò kúrò lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ mọ́. Oògùn ọ̀hún gan-an ló wá ń dí imú fún un! Irú oògùn aṣímú kíákíá bẹ́ẹ̀, bí xylometazoline, kò yẹ kí a lò ó ju ọjọ́ márùn-ún sí méje lọ.

Dókítà ní kí ó fi í sílẹ̀, ó sì fún un ní sitẹ́rọ́ìdì tí a ń fín sí imú. Ní ọjọ́ kẹta ló tọ̀ mí wá, inú ń bí i.

“Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi, oògùn yìí kò jẹ́ o. Ó tún ń mú ẹ̀jẹ̀ wá.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ìgbà wo lẹ máa ń fín in?”

“Ìgbà tí imú bá dí ni.”

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fín in kí n rí i.”

Ìyá gbé orí sẹ́yìn, ó kọ ẹnu ìgò sí ògiri àárín imú, ó sì fà á tagbáratagbára. Gbogbo rẹ̀ gba ọ̀fun lọ.

Báyìí ni ó yẹ kí a ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ fun imú. Ẹ mi ìgò náà. Bó bá jẹ́ tuntun, ẹ fín in sí afẹ́fẹ́ títí yóò fi máa tú jáde bí ìrì. Ẹ tẹ orí síwájú díẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ fi fín ihò òsì, ọwọ́ òsì sì ni ti ihò ọ̀tún. Ẹnu ìgò yóò wá kọjú sí ìhà etí, kò ní máa lu ògiri àárín tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde. Ẹ rọra fa èémí bí ẹni tó ń gbóòórùn ọbẹ̀. Ẹ nu ẹnu ìgò, ẹ dé e. Ẹ má yá ẹnikẹ́ni lò, ì báà ṣe ọmọ yín.

Ojoojúmọ́ ni a ń fín in, bí imú dí, bí kò dí. Wíwú inú imú ni ó ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì kí agbára rẹ̀ tó hàn tán.

Orúkọ sitẹ́rọ́ìdì ń ba àwọn kan lẹ́rù, wọn kò sì jẹ̀bi. A mọ àwọn tó ń gbé tábúlẹ́tì prednisolone mì kí wọ́n lè sanra, tí ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru fi mú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Tábúlẹ́tì kékeré kan jẹ́ míligíráàmù 5. Ìfín kan fluticasone sábà máa ń jẹ́ máíkírógíráàmù 50, ìyẹn ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n tábúlẹ́tì náà, inú imú ni ó sì ti ń ṣiṣẹ́. Díẹ̀ ni ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Síbẹ̀, ẹni tó ní àrùn ojú bí glaucoma, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ sí imú rẹ̀, àti ẹni tó ń lo ritonavir nítorí HIV, gbọdọ̀ sọ fún dókítà kí ó tó fín in. Bí ọmọdé bá ń lò ó pẹ́, kí a máa wọn gíga rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dẹ́kun, tàbí tí ihò kan ṣoṣo ń dí tó sì ń rùn, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ti ń fi aṣọ bo imú nídìí ẹ̀rọ báyìí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ló sọ fún mi pé òun fi ẹnu pípadé sùn.

Ẹni tó bá ní ìgò tirẹ̀ nílé, kó mú un wá lọ́la. A ó jọ ka nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ tí wọ́n kọ sí i lára.