Akẹ́kọ̀ọ́ Ayàwòrán

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ tó há àwòrán sábẹ́ apá, tó ń dúró de ọkọ̀ Yábàá ní Mòwé, ìwọ ni mò ń bá wí. Ìpàtẹ àṣekágbá kù sí dẹ̀dẹ̀, o sì ń ronú ohun tí olùkọ́ máa fẹ́.

Rántí pé ní 1958, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọnà ní Zaria, Uche Okeke, Yusuf Grillo, Bruce Onobrakpeya àtàwọn mìíràn, dá ẹgbẹ́ ayàwòrán sílẹ̀. Wọ́n kọ́ ọnà òyìnbó, wọn ò sì jẹ́ kí ti ilé wọn sọnù. Onobrakpeya yìí ló yàwòrán sínú ìwé Fágúnwà tí Ṣóyínká túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde ní 1968.

Jọ̀wọ́, ṣe bíi tiwọn: ya èrò tó ń gbé ẹní wọ Redemption Camp fún ìsìn lálẹ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ oṣù. Ya àwọn tó ń sáré ta ìpanu Gala láàárín ọkọ̀. Ìwọ lo mọ ojú wọn.