Aṣọ Tó Yẹ Ni


Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó gọbọi ló ń mú ọkùnrin gún régé. Kí télọ̀ wọn èjìká wa dáadáa, kí ṣòkòtò má wọ́lẹ̀, kí bàtà mọ́. Búbá àǹkárá tí a lọ̀ yẹni ju agbádá tí a jẹ gbèsè dá lọ.

Ẹ jẹ́ á sòótọ́: owó aṣọ ẹgbẹ́ ti lé àwọn kan nínú wa kúrò lóde. Mo dábàá fìlà aṣọ òkè Ìṣẹ́yìn kan náà fún gbogbo wa. Kí oníkálukú wọ aṣọ tó ní nílé sí i. Ojú yín la fẹ́ rí.

Ẹgbẹ́ wa kò ní bàjẹ́ o.