Kọ̀ǹpútà Ni A Fẹ́ Fi Tọrẹ, Kì Í Ṣe Àṣírí Ọmọ Ẹgbẹ́

(Ọ̀rọ̀ tí alábẹ̀wò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bá àwọn aṣojú ẹgbẹ́ láti Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko sọ)

Ẹ mọ̀ pé bí alábẹ̀wò bá ti wọlé, ìwé owó, ìwé ìpín àti ìwé ẹ̀yáwó ni a máa ń béèrè. Lónìí, ohun mìíràn ni a fẹ́ béèrè: kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ẹgbẹ́ yín ń lò tẹ́lẹ̀, níbo ni ó wà?

Ìdí tí a fi béèrè nìyí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹgbẹ́ kan ní agbègbè yìí ra kọ̀ǹpútà tuntun. Wọ́n ṣe ohun rere: wọ́n fi ti àtijọ́ ta ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan ní àdúgbò lọ́rẹ, kí àwọn ọmọ lè fi kọ́ iṣẹ́. Akọ̀wé ti pa gbogbo fáìlì inú rẹ̀ rẹ́, ó sì ti da ohun tí ó wà nínú Recycle Bin nù. Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ ti parí. Kò pẹ́ tí ẹnì kan ní ilé ẹ̀kọ́ náà ṣèèṣì pa fọ́tò kan rẹ́. Wọ́n pe ọmọkùnrin kan tí ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe pé kó bá wọn wá a. Fọ́tò ni ó ń wá, ìwé ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ ni ó jáde: orúkọ, iye tí kálukú jẹ, nọ́ńbà àkáǹtì báńkì, àti orúkọ onídùúró. Ìyá kan wà nínú wọn tí ó dúró fún àbúrò rẹ̀ láì sọ fún ọkọ. Ojú títì ni ọkọ ti gbọ́. Ìyá yìí wá sí ìpàdé, kò pariwo, ó kàn ní kí wọ́n ṣírò owó òun fún òun. Àwọn mẹ́rin mìíràn tẹ̀ lé e.

Àwa náà jẹ̀bi nínú rẹ̀. Nígbà tí a yẹ ìwé ẹgbẹ́ náà wò ní ọdún yẹn, a béèrè rìsíìtì kọ̀ǹpútà tuntun, a rí i, a sì fọwọ́ sí i. A kò béèrè ọ̀nà tí ti àtijọ́ gbà lọ.

Ẹ ó béèrè pé, kí ló dé tí ohun tí a ti pa rẹ́ fi tún jáde? Ẹ wo lẹ́jà ẹgbẹ́. Bí ènìyàn bá fa ojú ìwé àkọ́kọ́ ya, níbi tí a kọ ọ́ sí pé Lágbájá wà ní ojú ìwé 12, Tàmẹ̀dù ní ojú ìwé 30, ṣé gbèsè Lágbájá ti kúrò ní ojú ìwé 12? Kò kúrò. Ẹni tí ó bá ní sùúrù láti ṣí ìwé náà ní ẹyọ ẹyọ yóò rí i. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kọ̀ǹpútà. Bí a bá ní kí ó pa fáìlì rẹ́, atọ́ka ni ó ń fà ya, ó wá ń ka ibẹ̀ sí àyè òfìfo. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀ títí a ó fi kọ nǹkan mìíràn lé e lórí. Format tí a fi ìkánjú ṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní Quick Format, kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kì í ṣe ẹgbẹ́ kékeré nìkan ni ó ń kó sí èyí. Ọjà Àlàbá tí ó wà ní Ọ̀jọ́ wa níhìn-ín jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí kọ̀ǹpútà àlòkù láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà máa ń balẹ̀ sí. Ní ọdún 2005, àjọ kan ní Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Basel Action Network wá sí Èkó láti wo òwò náà. Wọ́n ra hard disk àlòkù, wọ́n gbé e fún àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà láti yẹ̀ wò, wọ́n sì bá ọ̀rọ̀ àwọn tí ó ni ín tẹ́lẹ̀ nínú rẹ̀. Ní ọdún 2009, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ìròyìn láti Kánádà ra hard disk ní Tema, ní orílẹ̀-èdè Ghana. Nínú ọ̀kan, wọ́n bá ìwé iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ Northrop Grumman ń ṣe fún ìjọba Amẹ́ríkà. Bí àṣírí ilé iṣẹ́ ohun ìjà bá lè dé orí tábìlì ọlọ́jà, kí ni ti ẹgbẹ́ wa tí Àlàbá kò jìnnà sí?

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé fi falẹ̀, nítorí pé ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dẹ́kun ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tí ó ń ṣe fún Windows 10. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni yóò máa pààrọ̀ kọ̀ǹpútà. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí:

Èkínní, ẹ da gbogbo ìwé ẹgbẹ́ kọ síbòmíràn, kí ẹ sì ṣí i wò lórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ nu ohunkóhun kí a tó yẹ ìwé ọdún náà wò. A tẹnu mọ́ èyí nítorí pé a ti dé ọ̀dọ̀ àwọn kan tí wọ́n sọ fún wa pé, "Ọ̀gá, kọ̀ǹpútà ti kú, gbogbo ìwé ti bá a lọ." Nínu kọ̀ǹpútà mọ́ kò gbọdọ̀ di ihò tí ẹni tí ó kó owó jẹ yóò sá sí.

Èkejì, ẹ béèrè irú èyí tí ó wà nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ hard disk tí ń yí, kíkọ nǹkan lé gbogbo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ti tó. Àjọ NIST ti Amẹ́ríkà sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìtọ́sọ́nà rẹ̀ ti ọdún 2014, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó ìgbà méje lọ́wọ́ yín. Nínú Windows, bí ẹ bá yan Reset this PC, ẹ yan Remove everything, kí ẹ sì tan Clean data. Ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, nítorí náà ẹ rí i pé iná kò ní lọ láàárín.

Ẹ̀kẹta, bí ó bá jẹ́ SSD tí kì í yí, kíkọ nǹkan lé e lè má dé ibi gbogbo, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ máa ń ṣí ọ̀rọ̀ nípò. Àṣẹ ìnùmọ́ tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é fi sí i ni kí ẹ lò.

Ẹ̀kẹrin, èyí tí ó bàjẹ́ tí kò tàn mọ́, ẹ má tà á bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí ń ra pàǹtí irin. Ẹ yọ hard disk inú rẹ̀, kí ẹ sì fọ́ ọ túútúú. Ẹ má dáná sun ún, májèlé ni èéfín rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, kí ènìyàn méjì wà níbẹ̀, kí ọ̀kan má jẹ́ akọ̀wé. Kí a kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé: nọ́ńbà kọ̀ǹpútà, ọjọ́ tí a nù ún, ẹni tí ó nù ún, àti ẹni tí a fún. Fóònù ẹgbẹ́ àti fláàṣì náà wà nínú rẹ̀.

Òfin wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà ọdún 2023 ni Ààrẹ fọwọ́ sí òfin ààbò ọ̀rọ̀ ẹni, Nigeria Data Protection Act. Ẹni tí ó bá ń gba ọ̀rọ̀ nípa ènìyàn pamọ́ ni òfin náà ní kí ó dáàbò bò ó. Ṣùgbọ́n bí kò bá tilẹ̀ sí òfin, àwa alájẹṣẹ́kù mọ ohun tí ó mú wa jókòó pọ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ kì í fi owó nìkan sí ọwọ́ wa, ó ń fi gbèsè rẹ̀, onídùúró rẹ̀ àti ìtìjú rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹgbẹ́ ni ó ni kọ̀ǹpútà, ó lè fi tọrẹ. Kò ni àṣírí tí ó wà nínú rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ẹ fi ti ẹgbẹ́ tí a sọ yìí kọ́gbọ́n. Nígbà tí a bá tún wá bẹ̀ yín wò, ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀ lónìí ni a ó kọ́kọ́ bi yín. Ẹ jẹ́ kí ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìwé ìpàdé. Ẹgbẹ́ wa kò ní tú o.