Ẹ̀kọ́ Ìsìn ní Ilé-Ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ìjọ: Àkọ́sórí Ni Tàbí Ìwà?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ìsìn Kírísítì ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ìjọ dá sílẹ̀. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ dáhùn kò ju ẹyọ kan ṣoṣo lọ: kí ni a ó fi mọ̀ pé ilé-ìwé kan jẹ́ ti Kírísítì ní tòótọ́? Ṣé orúkọ ẹni mímọ́ tí a kọ sí ara pátákó ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni? Ṣé iye ẹsẹ Bíbélì tí àwọn ọmọ rẹ̀ mọ̀ sórí ni? Àbí ohun mìíràn wà tí ó yẹ kí ojú wa máa wò?

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ náà gan-an, ẹ̀kọ́, bí àwọn baba wa ti ń lò ó. Bí Yorùbá bá wí pé ọmọ kan kò lẹ́kọ̀ọ́, kì í ṣe àìmọ̀wé ni wọ́n ń bá a wí sí. Ọmọ náà lè ti gba oyè ní yunifásítì. Bí kò bá mọ bí a ti ń kí àgbà, tàbí bí ó bá ń fojú di aláìní, wọn yóò ní kò lẹ́kọ̀ọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni arúgbó tí kò dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé rí lè lẹ́kọ̀ọ́ dé góńgó. Nítorí náà, nígbà tí a fi orúkọ yìí pe ohun tí àwọn míṣọ́nnárì mú wá, ìlérí ńlá ni a fi orúkọ náà ṣe. Òbí tí ó rán ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ń retí kí ìwé àti ìwà jọ padà wá sílé.

Ìtàn ilé-ìwé ìjọ ní ilẹ̀ wa kò ṣòro láti sọ. Ní 1842 ni Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Nígbà tí ó di 1843, William de Graft, ọmọ ilẹ̀ Fántì tí ó bá a wá, àti aya rẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé níbẹ̀. Ní 1845 ni Henry Townsend, C. A. Gollmer àti Samuel Àjàyí Crowther ti ìjọ C.M.S. dé Àgbádárìgì, nígbà tí ó sì di 1846, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Láti ìgbà náà lọ, ibi tí a bá kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà ni a ń kọ́ ilé-ìwé sí. Ẹni kan náà ni ó sábà máa ń ṣe tíṣà ní ọjọ́ Ajé, tí ó tún ń ka Bíbélì fún ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi. Ìdí rẹ̀ kò pamọ́: ìjọ ń fẹ́ ẹni tí yóò lè ka Ìwé Mímọ́ fúnra rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní, 1955, ọwọ́ àwọn ìjọ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣì wà. Láàrin ọdún 1970 sí 1979 ni àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ wá gba ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Ní 2001, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá díẹ̀ padà fún àwọn tí ó ni wọ́n. Àwọn ìjọ sì ti dá ọ̀pọ̀ ilé-ìwé tuntun sílẹ̀, tí ó jẹ́ pé owó òbí ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́.

Kò sí àní-àní pé a jẹ àwọn ilé-ìwé wọ̀nyí ní gbèsè ọpẹ́. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àgbà wa ti kọ́ kíkà àti kíkọ èdè Yorùbá. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ pé kí á dé lásìkò, kí á má jí gègé ẹlòmíràn, kí á sọ òtítọ́ bí ó tilẹ̀ máa mú pàṣán wá. Ẹni tí ó bá kọ ìtàn ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, tí kò sì yin ìjọ, kò ṣe òtítọ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sì dákẹ́ nípa apá kejì ìtàn náà, òun pàápàá kò ṣe òtítọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ Mùsùlùmí ni ó bá orúkọ wọn dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé ìjọ, tí wọn kò sì bá a jáde. Láwàní wọlé, ó di Láwírẹ́ǹsì; Mọ́mọ́dù wọlé, ó di Mósè. Òbí tí kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ a máa fi ọmọ rẹ̀ pamọ́ sílé, ọmọ náà a sì pàdánù ìwé. Ìbẹ̀rù yìí wà lára ohun tí ó mú kí ìjọba Èkó dá ilé-ìwé sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí ní 1896, nígbà tí Edward Blyden ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Òun náà ni ó mú kí àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó ní 1923, tí ẹgbẹ́ náà sì ń kọ́ ilé-ìwé káàkiri. Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìkan ni èyí. Ní 2021, ọ̀rọ̀ híjáàbù ní àwọn ilé-ìwé tí ìjọ dá sílẹ̀ ní Ìlọrin di ìjà tí ó mú kí ìjọba ti ilé-ìwé mẹ́wàá pa. Ilé-ìwé gíga ni ibi tí ìjà ti ń hàn síta; ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ibi tí a ti ń gbìn ín, tàbí tí a ti ń hú u.

Ẹ jẹ́ kí n fi ojú onímọ̀ èdè wo ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀. Nígbà tí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, wọ́n nílò ọ̀rọ̀ fún ohun tí a ń sọ sí Ọlọ́run, fún ẹni tí ń ṣe ìsìn fún ènìyàn, àti fún iṣẹ́ tí òjíṣẹ́ Ọlọ́run ń jẹ́. Wọ́n mú àdúrà, wọ́n mú àlùfáà, wọ́n mú wàásù. Wọ́n sì mú àlàáfíà àti wòlíì kún un. Kí míṣọ́nnárì tó dé Àgbádárìgì, àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti wà lẹ́nu àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ wa, púpọ̀ nínú wọn sì ti inú èdè Lárúbáwá wá. Crowther kò tì í lójú láti fi ọ̀rọ̀ aládùúgbò rẹ̀ bá Ọlọ́run tirẹ̀ sọ̀rọ̀. Ní gbogbo òwúrọ̀ tí ọmọ ilé-ìwé ìjọ bá di ojú rẹ̀, tí a ní kí ó gba àdúrà, ohun tí ó yá lọ́wọ́ ará ilé kejì ni ó ń lò. Ó yẹ kí olùkọ́ mọ èyí, kí ó sì jẹ́ kí ọmọ mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò: ọmọnìkejì. Òun ni àwọn atúmọ̀ Bíbélì lò fún ẹni tí a pàṣẹ pé kí á fẹ́ràn. Ọ̀rọ̀ náà kò bèèrè ìjọ tí ó ń lọ, kò bèèrè ìlú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ṣe ìkejì mi ti tó. Nínú kíláàsì, ìkejì ọmọ ni ẹni tí wọ́n jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà.

Ní orí kẹwàá Ìhìnrere Lúùkù ni ìtàn ará Samáríà aláàánú wà. Kò sí ilé-ìwé ìjọ tí wọn kì í ti í kọ́ ọ. Báwo ni a ti sábà ń kọ́ ọ? Olùkọ́ yóò sọ ìtàn náà, yóò kọ ọ́ sí ojú pátákó, yóò sì bèèrè pé: ìlú wo ni ọkùnrin náà ń lọ? Àwọn mélòó ni ó kọjá lára rẹ̀? Kí ni a dà sí ojú ọgbẹ́ rẹ̀? Ọmọ tí ó bá dáhùn, a pàtẹ́wọ́ fún un. Ọmọ tí kò bá mọ̀ ọ́n, pàṣán. Bí akọ̀wé bá sì wọlé ní wákàtí náà láti ka orúkọ àwọn tí kò tíì san owó ilé-ìwé, a ó lé wọn síta lójú àwọn ẹgbẹ́ wọn, ẹ̀kọ́ àánú yóò sì máa bá a lọ. Mo bi yín léèrè, ẹ̀yin ará: ẹ̀kọ́ méjì ni àwọn ọmọ náà gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, èwo ni wọn yóò mú lọ sílé?

Ohun tí ìtàn yẹn fi mú ọkàn àwọn tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ ni pé ará Samáríà ni ẹni tí wọn kò retí ire kankan lọ́dọ̀ rẹ̀. Olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò bèèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ pé: ta ni ó ti ṣe yín lóore rí, tí kì í ṣe ará ilé yín, tí kì í ṣe ọmọ ìjọ yín? Ọmọ kan yóò ní ìyá Mùsùlùmí kan ni ó gbé òun lọ sí ọsibítù. Òmíràn yóò dárúkọ Haúsá tí ń ta ata ní àdúgbò wọn. Nígbà náà ni ìtàn Bíbélì yóò kúrò lórí pátákó, tí yóò bọ́ sí ojú títì tí àwọn ọmọ náà ń gbà lọ sílé.

Àwọn kan yóò wí pé: ìjọ ni ó fi owó rẹ̀ kọ́ ilé-ìwé, ìjọ ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ́ ẹ̀sìn tirẹ̀ níbẹ̀. Òótọ́ ni. Abala 38 nínú Òfin Orílẹ̀-Èdè Nàìjíríà ti 1999 fún ìjọ ní àyè láti kọ́ àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ ní ẹ̀sìn wọn ní ilé-ìwé tí òun nìkan ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Ṣùgbọ́n abala kan náà ni ó wí pé a kò gbọdọ̀ fi dandan kọ́ ọmọ kankan ní ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀, tàbí èyí tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Àwọn mìíràn yóò ní: kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Èmi náà gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń pẹ̀ka kì í gé gbòǹgbò. Orúkọ ọmọ àti ọ̀wọ̀ rẹ̀ fún òbí rẹ̀, gbòǹgbò ni wọ́n.

Ohun mẹ́rin ni mo fẹ́ fi lé ẹ̀yin olùkọ́ lọ́wọ́. Èkíní, ẹ pe ọmọ ní orúkọ tí òbí rẹ̀ sọ ọ́, kí ẹ sì pè é dáradára. Èkejì, ẹ má ṣe fi pàṣán kọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì. Ọmọ tí a nà nítorí ẹsẹ àkọ́sórí yóò mọ ẹsẹ náà, yóò sì kórìíra rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé, òbí ni kí ẹ bá sọ ọ́, kí ojú má ti ọmọ láàrin ẹgbẹ́. Ẹ̀kẹrin, ẹ fi èdè tí ọmọ fi ń ronú kọ́ ọ ní ìwà. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ó sì yọrí sí rere. Síbẹ̀, àwọn ilé-ìwé ìjọ kan wà tí ọmọ ń san owó ìtanràn bí ó bá sọ Yorùbá. Inúure, sùúrù, ìtìjú, àforítì: nínú èdè ìyá rẹ̀ ni ọmọ ti kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ti ń dunni tàbí bí wọ́n ti ń dùn mọ́ni.

Lọ́rọ̀ kan, ọmọ tí ó mọ ọgọ́rùn-ún ẹsẹ Bíbélì, tí kò lè sún fún ẹnìkejì rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, kò tíì lẹ́kọ̀ọ́, a kò sì lè dá a lẹ́bi bí ó bá jẹ́ ohun tí ó rí lọ́wọ́ wa ni ó ń ṣe. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ìjọ ti kọ́ ilé-ìwé. Ó kù kí ó kọ́ ọmọ. Ẹ̀yin tí ẹ ó dúró níwájú kíláàsì lọ́la, ọwọ́ yín ni iṣẹ́ náà wà.