Ohun Tí Kò Ṣẹlẹ̀: Akọ̀ròyìn Nídìí Ìwádìí Òfin Epo



Bí akọ̀ròyìn bá fi ilé iṣẹ́ ìròyìn sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ọ́fíìsì gómìnà tàbí mínísítà la sábà máa ń bá a, tí á máa gbẹnu sọ fún ọ̀gá. Àwọn kan ń pe ìyẹn ní ìgbéga. Ọ̀nà mìíràn wà tí kò lérò: kí ó lọ jókòó ti òfin, kí ó máa wádìí bí ìjọba ṣe ń lò ó. Ẹ wo Waziri Adio, tí ọ̀pọ̀ yín ti ka iṣẹ́ rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn THISDAY. Ní 2016, ó di ọ̀gá àgbà NEITI, àjọ tí òfin 2007 ní kí ó máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá iye tí àwọn elépo ní àwọn san bá iye tí ìjọba ní òun gbà mu. Ó lo ọdún 5 níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dá Agora Policy sílẹ̀, tó ń ṣèwádìí ìlànà ìṣèjọba.

Iṣẹ́ kan tí NEITI ṣe lásìkò Adio ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí. Ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1993, nígbà tí ìjọba ológun ń wá ẹni tí yóò wa epo nínú ibú òkun. Iṣẹ́ náà gbówó lórí, àgbá epo rọ̀bì kan kò sì tó 20 dọ́là. Wọ́n ṣe àdéhùn tó dẹrùn fún àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè: níbi tí omi bá ti jìn ju mítà 1,000 lọ, wọn kò ní san ìṣákọ́lẹ̀ kankan. Òfin tó de àdéhùn náà, tí wọ́n ṣe ní 1999 ṣùgbọ́n tí wọ́n ní ó bẹ̀rẹ̀ láti 1993, fi àyè kan sílẹ̀ fún ìjọba: bí epo bá wọ́n kọjá 20 dọ́là, kí wọ́n tún ìpín pín; bí ọdún 15 bá pé, kí wọ́n yẹ òfin náà wò látòkè délẹ̀. Ọdún 15 pé ní 2008. Ní Oṣù Keje ọdún náà, àgbá kan kọjá 140 dọ́là. Ìjọba kò ṣe nǹkan kan.

Kí wá ni akọ̀ròyìn ìbá kọ? Wọn kò mú olè, kò sí ìpàdé, kò sí àwòrán. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni ìròyìn ń wá, àìṣe kì í sì í pe àwọn oníròyìn jọ. Olùwádìí òfin ló máa ń gbé ohun tí òfin ní kí wọ́n ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí wọ́n ṣe, tí á sì ṣírò àlàfo tó wà láàárín wọn. NEITI ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìwé kan ní 2019: láti 2008 sí 2017, ó kéré tán, bílíọ̀nù 16 dọ́là ló bọ́ lọ́wọ́ Nàìjíríà, ó lè tó bílíọ̀nù 28. Ní Oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí àtúnṣe tó fi ìṣákọ́lẹ̀ ìdá 10 nínú 100 lé epo ibú òkun, pẹ̀lú òmíràn tó ń ga bí iye epo bá ṣe ń ga. N kò ní kí ẹ gbà pé ìwé kan ṣoṣo ló ṣe é. Ìpínlẹ̀ mẹ́ta ti gba ìdájọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní 2018, owó sì ti ń wọ́n ìjọba.

Ẹ kíyè sí 16 àti 28 yẹn. Akọ̀ròyìn tó wà nínú wa yóò gbé 28 sójú ewé àkọ́kọ́. Agbẹjọ́rò ilé iṣẹ́ epo yóò bi olùwádìí pé báwo ló ṣe dé 16, olùwádìí sì gbọ́dọ̀ lè fi ìṣirò rẹ̀ hàn án láti ọdún dé ọdún. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n lọ jókòó ní kíláàsì àwọn oníṣirò owó fún ọdún kan, kí wọ́n tó ní àwọn fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí.