Ẹnu Ọ̀nà Méjì: Àwọn Ọmọ Íńdíà Tó Di Ará Amẹ́ríkà



Bí a bá dárúkọ ọmọ Íńdíà ní Amẹ́ríkà lónìí, dókítà àti onímọ̀ kọ̀ǹpútà ló máa ń wá sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn. Irú wọn pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn òfin ìwọ̀lú Amẹ́ríkà ti ọdún 1965 ni ọ̀pọ̀ wọn dé. Àwọn tó ṣáájú wọn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Bhagat Singh Thind, ẹlẹ́sìn Sikh láti Punjab, gúnlẹ̀ sí Amẹ́ríkà lọ́dún 1913. Nígbà ogun àgbáyé kìíní, ó wọ iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà tòun ti láwàní lórí. Lóṣù Kejìlá ọdún 1918, wọ́n fún un níwèé ọmọ onílùú. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí wọ́n fi gbà á padà. Ó tún gba òmíràn ní Oregon lọ́dún 1920. Ìjọba takò ó, ẹjọ́ sì dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ.

Òfin ìgbà náà gbà kí aláwọ̀ funfun tàbí ẹni tó jẹ́ ìran Áfíríkà di ọmọ onílùú; kò sí àyè fún ará Éṣíà. Lóṣù Kọkànlá ọdún 1922, Adájọ́ George Sutherland ti kọ ọ́ nínú ẹjọ́ Takao Ozawa, ọmọ Jàpáànù, pé ẹ̀yà Caucasian ni òfin ń pè ní funfun. Àwọn onímọ̀ ìgbà náà sì ka ọ̀pọ̀ ará àríwá Íńdíà mọ́ ẹ̀yà yẹn. Ó yẹ kí Thind jàre. Àmọ́ lóṣù Kejì ọdún 1923, Sutherland yìí kan náà kọ ọ́ pé ohun tí mẹ̀kúnnù ìgboro ń pè ní funfun lòfin mọ̀, kì í ṣe ohun tí onímọ̀ wí. Kò sí adájọ́ kan tó yapa.

Apá kan wà nínú ẹjọ́ yìí tí àwọn tó ń yin Thind kì í fẹ́ fẹnu bà. Àwọn lọ́yà rẹ̀ sọ pé ọmọ ìdílé tí ìbí gbé ga ni, pé ojú tí aláwọ̀ funfun fi ń wo aláwọ̀ dúdú ni irú wọn fi ń wo àwọn ìran tó ti wà lórí ilẹ̀ Íńdíà látayébáyé. Orí ẹlòmíràn ni wọ́n fẹ́ tẹ̀ wọlé. Síbẹ̀ wọn kò rí i wọ̀.

Ẹlòmíràn náà jẹ nínú ìyà ẹjọ́ yìí. Vaishno Das Bagai, ìyàwó rẹ̀ Kala àtàwọn ọmọkùnrin wọn mẹ́ta dé San Francisco lọ́dún 1915. Ọkùnrin náà kórìíra ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso ilẹ̀ wọn. Lẹ́yìn ẹjọ́ Thind, ìjọba gba ìwé ọmọ onílùú lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin California kò sì jẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ mọ́, ilé àti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ. Nígbà tó fẹ́ lọ wo ará ilé, wọ́n ní kó lọ gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 1928, ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Kala ló tọ́ àwọn ọmọ náà yanjú. Ìlú Berkeley, níbi tí àwọn aládùúgbò ti tilẹ̀kùn ilé tí wọ́n rà mọ́ wọn, sọ òpópónà kan lórúkọ obìnrin náà lọ́dún 2020.

Ilé ẹjọ́ ni ẹnu ọ̀nà kìíní. Ẹnu ọ̀nà kejì kò gba ibẹ̀ kọjá. Ìwé tí Vivek Bald gbé jáde lọ́dún 2013 ló tú iṣu rẹ̀ désàlẹ̀ ìkòkò. Láti bí ọdún 1880 lọ, àwọn Mùsùlùmí láti Hooghly ní Bengal ń kiri aṣọ oníṣẹ́ abẹ́rẹ́ ní etíkun New Jersey, wọ́n sì ń bá a dé New Orleans. Àdúgbò Tremé, láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú, ni díẹ̀ nínú wọn fìdí kalẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́yàwó, tí wọ́n ti bímọ. Nígbà tó yá, àwọn ará Sylhet, tó wà lára Íńdíà ìgbà náà, tó ń ko èédú sínú iná ọkọ̀ òkun Gẹ̀ẹ́sì ń sá kúrò nínú ọkọ̀ ní New York. Ọ̀pọ̀ wọn forí lé Harlem, wọ́n fẹ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú àti ọmọ Puerto Rico. Akọ̀wé ìkànìyàn kan á pè wọ́n ní funfun, òmíràn á kọ dúdú. Aládùúgbò kò bi wọ́n ní ìyẹn. Nítorí pé wọn kò bá ìjọba ṣẹjọ́, díẹ̀ ló kù kí orúkọ wọn parẹ́.

Nítorí náà, nígbà tí mo gbọ́ tí àwọn olóṣèlú ń jiyàn lọ́dún 2024 pé ọmọ Íńdíà ni Kamala Harris àbí aláwọ̀ dúdú, ọ̀rọ̀ náà sú mi. Ìyá rẹ̀, Shyamala Gopalan, kúrò ní Íńdíà wá sí Berkeley lọ́dún 1958, ó bọ́ sáàárín àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń jà fún ẹ̀tọ́, ó sì fẹ́ Donald Harris, ọmọ Jàmáíkà. Ẹni tó bá mọ ìtàn Tremé kò ní béèrè irú ìbéèrè yẹn.

Òfin 1965 tí mo mẹ́nu bà níbẹ̀rẹ̀, ìjà àwọn aláwọ̀ dúdú wà lára ohun tó bí i. Òun náà ló ṣílẹ̀kùn fún àwọn ọmọ tiwa tó wà ní Houston àti Maryland. Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ń pe ọmọ yín lórí fóònù pé kó má bá “àkátá” rìn, àwíjàre lọ́yà Thind lẹ ń tún wí yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀.