Ọ̀nà Òfurufú àti Ọ̀nà Ilẹ̀ sí Adó-Èkìtì

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

 A ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìrìn àjò láti Èkó wálé. Gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, n óo kọ́kọ́ ṣe ìṣirò, lẹ́yìn náà n óo bẹ̀bẹ̀.

Bí a bá ta okùn tààrà láti pápá ọkọ̀ òfurufú Ìkẹjà dé ti Àkúrẹ́, ó tó nǹkan bí kìlómítà 230. Láti Ìkẹjà dé pápá tiwa ní Adó, tí Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí ṣí ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá, 2022, ó fi díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Títì tí ó gba Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Iléṣà lé ní 300.

Ọkọ̀ òfurufú tí ń sáré kìlómítà 500 ní wákàtí kan ìbá dé Adó ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n yóò rọra rìn nílẹ̀, yóò gòkè díẹ̀díẹ̀, yóò sì dẹ eré kí ó tó balẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi ń súnmọ́ ìṣẹ́jú 45.

Ẹ kíyè sí i pé ìwọ̀nba kìlómítà tí Adó fi ju Àkúrẹ́ lọ kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lójú òfurufú. Níbo ni èrè pápá tiwa wà nígbà náà? Ilẹ̀ ni ó wà. Ẹni tí ó sọ̀kalẹ̀ ní Àkúrẹ́ ṣì ní nǹkan bí kìlómítà 50 láti rìn, ẹ sì mọ ohun tí ojú èrò ti rí lójú ọ̀nà náà.

Ẹ jẹ́ kí á fi ọmọ wa kan tí ó gba Àkúrẹ́ ṣe àpẹẹrẹ: wákàtí kan láti ilé rẹ̀ dé Ìkẹjà, bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò bá dá a dúró, wákàtí kan àbọ̀ ní ìdúró, ìṣẹ́jú 45 lókè, wákàtí kan láti Àkúrẹ́ dé Adó. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú 15. Àkókò tí ó lò lókè kò tó ìdá kan nínú márùn-ún.

Oṣù Kejìlá tí a ń dárí wálé gan-an ni ọyẹ́ ń bo ojú òfurufú. Ọkọ̀ lè pẹ́, ó sì lè má gbéra rárá. Nítorí náà, ẹni tí yóò sin òbí ní ọjọ́ Ẹtì, kí ó má ṣe gba tíkẹ́ẹ̀tì òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Kí ó ti wálé ní Ọjọ́rú. Ẹ̀yin ará ilé, bí ọmọ bá ní òun ti wọkọ̀, ẹ má tíì gún iyán.

Ẹ̀bẹ̀ mi nìyí. Nítorí ẹrù oko ni a ṣe kọ́ pápá tiwa, ṣùgbọ́n ọkọ̀ òfurufú kì í lọ gbé iṣu lóko. Iṣu tí mọ́tò kò lè gbé jáde kò lè dé Ìkẹjà ní ìṣẹ́jú 45. Nígbàkigbà tí ẹgbẹ́ wa bá kọ̀wé sí ìjọba nípa ọkọ̀ òfurufú, kí ìwé mìíràn nípa títì àti ọ̀nà oko tẹ̀lé e. Àwọn díẹ̀ nínú wa ni ń fò; gbogbo wa ni à ń tẹ ilẹ̀, títí kan aláboyún tí à ń gbé lọ sí ilé ìwòsàn lóru. Ẹnu ọ̀nà ilé ẹni ni ìṣirò ìrìn àjò ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni ó sì ń parí sí.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ wa ní àlọ àti àbọ̀.